Ẹ ń ronú àtikó lọ sí ìgbèríko? Ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Àwọn tí ìlú ńlá ti sú ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti kó kúrò nílùú ńlá, mi ò sì gbèrò àtipadà. Bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn tó bá ní òun ń bọ̀ ni mo ṣe dá yín lóhùn: mi ò ní dẹ́rù bà á, mi ò sì ní tàn án.

Ṣé lóòótọ́ ni ìgbé ayé ibẹ̀ rọrùn?

Ó fúyẹ́ lọ́kàn, àmọ́ kò fúyẹ́ lápá. Nílùú ńlá, ẹ ṣí ẹ̀rọ, omi ń dà. Ẹ gbé ìdọ̀tí síta lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ẹ ò rí i mọ́. Àwọn kan tí ẹ ò mọ̀ ló ń ṣe é, owó tí ẹ san ló sì ń rán wọn níṣẹ́. Níbi tí ẹ ń lọ yìí, ọwọ́ yín àti ọwọ́ àwọn aládùúgbò yín ló máa ṣe púpọ̀ nínú ohun tí owó ń bá yín ṣe tẹ́lẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn tó kù dúró lé.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Igi tí ẹ là wà nílẹ̀, ẹ ń wò ó. Ariwo dínkù, ohun rírà tó ń pe ojú dínkù, ẹni tí ẹ bá pàdé lọ́nà sì jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi lásán, kó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kó sì padà sílé. Ẹni tó fẹ́ máa fojú ara rẹ̀ rí bí ayé rẹ̀ ṣe ń lọ, kó máa bọ̀.

Mi ò gbé abúlé rí. Ṣé kò ti pẹ́ jù fún mi?

Rárá o. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nǹkan bí ọdún 2007 ni iye àwọn tó ń gbé ìlú kọ́kọ́ ju iye àwọn ará ìgbèríko lọ káàkiri ayé. Ẹ pọ̀, nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kànga tàbí bí wọ́n ṣe ń mọ igi tó ti gbẹ dáadáa. Àìmọ̀ kì í lé àlejò kúrò lábúlé. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò mọ̀. Ẹ béèrè, ẹ tún béèrè.

Ṣé kí n ra ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ yá a gbé?

Ẹ yá a gbé ná. Tó bá ṣeé ṣe, kó tó ọdún kan gbáko, kí òjò àti ọ̀dá, ooru àti òtútù, ṣojú yín. Ilẹ̀ tó rẹwà nígbà ọ̀dá lè jẹ́ ojú ọ̀gbàrá. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà geere lónìí lè di ẹrẹ̀ tó ń gbé táyà mì lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin náà ẹ wo ilé dáadáa kí ẹ tó fi gbogbo owó yín lélẹ̀.

Ọdún yẹn náà lẹ máa fi mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn ibẹ̀ bá yín mu, torí abúlé kan ò jọ èkejì. Òmíràn wà tí gbogbo ilé ń ṣí sílẹ̀ fún ara wọn, òmíràn sì wà tí oníkálukú ń dá ara rẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń wọ̀.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó ilẹ̀?

Ìwé ilẹ̀, ẹ gbé e fún lọ́yà àti awọnlẹ̀ tí kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á mú wá. Ẹ béèrè ẹni tó ni ọ̀nà tó wọlé. Tó bá gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ẹ̀tọ́ yín láti máa gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, torí ẹni tó gbà lónìí lè kú lọ́la kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn ò gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà níbi tí ẹ fẹ́ kí sọ́kàwéè wà. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ilẹ̀ lè mu yó. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ki igi tí ẹ ti sàmì sí lára bọ̀ ọ́, kí ẹ jókòó tì í. Tí omi bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níṣojú yín, ilẹ̀ náà ń mu. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì dúró síbẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ nìyẹn, ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí máa rú jáde lọ́jọ́ kan. Tó bá sì fà lọ wàì bí ẹ ṣe ń dà á sí i, yanrìn ni. Ìdọ̀tí yóò sáré dé ibi tí omi mímu wà lábẹ́ ilẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò dípò ti onímọ̀, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi onímọ̀ náà.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ara ògiri ilé. Ìlà omi máa ń wà níbi tí ọ̀gbàrá dé rí, bí wọ́n tilẹ̀ ti kùn ún.

Omi ńkọ́?

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ omi ló yẹ kí ẹ fi ọ̀pọ̀ àkókò sí. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń lò. Kí ènìyàn kan lè mu, kó dáná, kó wẹ̀, kó sì fọṣọ, láti 50 dé 100 lítà lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí èyí tó tó. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè lo 400 lítà nìyẹn, lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi wọlé rí mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Òrùlé yín lè ràn yín lọ́wọ́. Òjò mìlímítà 1 tó rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin 1 ń mú lítà omi 1 wá. Ìyẹn ni pé òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin lè gba nǹkan bí 1,000 lítà nínú òjò mìlímítà 10, ẹ yọ díẹ̀ tó ta dànù. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn lọ, torí òun ló ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Ẹ fi ọmọrí dé táǹkì, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀fọn ń ti orí ẹyin dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà ohunkóhun tó bá gbomi dúró láyìíká ilé, ẹ dà á nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Tó bá jẹ́ kànga ni, ó kéré tán kó jìnnà ní 30 mítà sí ṣáláńgá àti sọ́kàwéè, kó sì wà ní apá òkè, kí ṣáláńgá wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn lọ. Ẹ máa mú omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, àti nígbàkígbà tí ọ̀gbàrá bá bò ó. Omi lè mọ́ gaara lójú kí àrùn kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 kí ẹ tó mu ún. Níbi tó ga ju 2,000 mítà lọ, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 3. Kòkòrò ni híhó ń pa o. Kì í mú náítíréètì kúrò, ìyẹn kẹ́míkà tó ń ti ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran wọ kànga. Ńṣe ló tún ń pọ̀ sí i bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná. Ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ. Ìyá ọmọ tuntun tó bá ń fi omi kànga po wàrà, ẹ bá mi sọ fún un kó yẹ omi náà wò.

Ṣé sólà tó fún iná ilé?

Ó lè tó, tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo iná sílẹ̀, wáàtì rẹ̀ àti iye wákàtí tí ẹ fi ń lò ó lójúmọ́, kí ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 10 tó tàn fún wákàtí márùn-ún jẹ́ wáàtì-wákàtí 300. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná, bí áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná, ló ń jẹ iná jù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ti sólà. Bátìrì oní-ásíìdì, ẹ má jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́.

Tí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, ìta ló ń gbé, kó jìnnà sí ilé tó 6 mítà, kí èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn. Gáàsì olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, àwọn tó bá sì ń sùn kì í mọ ìgbà tó ń pa wọ́n. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣeré.

Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀?

Ẹ gbé fóònù lọ dúró nínú yàrá tí ẹ máa ti ṣiṣẹ́ gan-an, ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ilé gbọ́ lórí èyí. Ẹ ní síìmù ilé iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì lè ṣe é, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ iná tí kì í lọ.

Ṣé owó tí mo ń ná máa dínkù?

Owó ilé sábà máa ń dínkù. Owó ọkọ̀ àti ti àtúnṣe máa ń pọ̀ sí i, torí ọ̀nà jìn, ẹni tó máa bá yín tún nǹkan ṣe sì jìn. Ohun tó ń dín ìnáwó kù jù ni pé kò sí ibi púpọ̀ tí ẹ máa ti rí ohun tí ẹ ò nílò rà. Ẹ kó owó tí ẹ lè jẹ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, dání. Ẹ má sì gbójú lé ohun tí oko máa mú wá lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún kejì gan-an ṣì yá.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ oko?

Kékeré ni kó jẹ́. Ẹbè kan tó fẹ̀ tó 10 mítà onígun mẹ́rin tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ro ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní oṣù kìíní, koríko ló máa kórè ní oṣù kẹta.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní. Ẹ wá ìgò ńlá kan tó ń hàn kedere, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i dé ìdajì, ẹ bu omi lé e, ẹ dé e, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yanrìn á ti balẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Tó bá ṣe wákàtí mélòó kan, iyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú á jókòó lé e. Amọ̀ ló ń pẹ́ jù, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí omi tó mọ́. Ẹ wo bí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe nípọn sí, ẹ ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ yín máa ń tètè gbẹ tàbí ó máa ń gbomi dúró. Èwo tó wù kó jẹ́, àtúnṣe kan náà ló fẹ́: ìdọ̀tí tó ti jẹrà. Ẹ máa kó ewé gbígbẹ àti èèpo ohun jíjẹ jọ, kí gbígbẹ pọ̀ ju tútù lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ sì máa yí i. Tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà tó sì gbóná, ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹran ọ̀sìn, ẹ dúró ná. Adìẹ rọrùn, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti tì wọ́n mọ́lé. Ẹ ṣe ọgbà kí ẹ tó ra ẹran, ẹ má ra ẹran kí ẹ tó wá máa wá wáyà.

Báwo ni mo ṣe máa bá àwọn aládùúgbò gbé?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú mi nìyí. Ẹ ṣáájú wọn kí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lọ sí àwọn ilé tó sún mọ́ yín, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Tí ẹ ò bá sọ ọ́ fúnra yín, wọ́n á bá yín hun ìtàn mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má tíì dábàá pé kí wọ́n tún ohunkóhun ṣe. Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Nígbà tí a fẹ́ gbé táǹkì omi wa kalẹ̀, bàbá kan tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà rọra rìn wá. Kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀, láti ìdí igi ńlá kan títí dé ẹ̀yìn ọgbà, ó ní, "Ibí ló ń gbà o, ọmọ mi." A sún táǹkì náà síwá díẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá dé, ìlà yẹn gẹ́lẹ́ ni ọ̀gbàrá tọ̀. Kò sí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n kọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Lọ́wọ́ ènìyàn ló wà, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan.

Ẹ gbà kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́. Àwa tí a ti gbé ìlú ńlá pẹ́ máa ń fẹ́ san owó lójú ẹsẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán. Lábúlé, wọn ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Bàbá tó bá yín gbé igi lónìí fẹ́ lè ké sí yín lọ́la. Ohun tí ẹ bá yá, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dá a padà. Àdá tí ẹ yá, ẹ pọ́n ọn. Tí wọ́n bá pe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ẹ tètè débẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ yín bá ká náà ni kí ẹ ṣe.

Àwọn ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ò pọ̀: ààlà, ajá, omi, ariwo, àti ẹran tó jẹ oko olóko. Ẹ lọ bá ẹni tọ́rọ̀ kàn fúnra rẹ̀, lójúmọmọ, kí ó tó dé etí ẹlòmíràn. Ẹ ṣọ́ ẹnu o. Ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti délé.

Ọkọ mi tàbí ìyàwó mi ò fẹ́ lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi ipá mú un. Ìdákẹ́jẹ́ tó ń tu ẹnì kan lára lè máa fún ẹnì kejì lọ́rùn. Ẹ jọ lọ gbé ibẹ̀ fún oṣù kan nígbà tí ojú ọjọ́ burú jù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ lọ yẹn sọ tọkàntọkàn ohun tó rí. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ ló ń ṣàárò, èyí ṣeé wá nǹkan ṣe sí: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ nílùú, yàrá kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń bá yín lọ nítorí ìfẹ́, ẹ dúró ná.

Ẹni tó dá wà náà, ẹ má retí pé ọ̀rẹ́ máa wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ yan ibi kan tí ẹ ó máa lọ ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibi ìjọsìn, ọjà, tàbí ẹgbẹ́ akọrin, kí ojú yín lè di ojú mímọ̀.

Àwọn ọmọ ńkọ́?

Àwọn kéékèèké máa ń tètè gbádùn rẹ̀. Àwọn tó ti ń bàlágà ni kí ẹ bá jókòó sọ̀rọ̀, torí ọ̀rẹ́ wọn ni gbogbo ayé wọn. Ẹ wọn ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní ìṣẹ́jú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ òjò. Kìlómítà kì í sọ òótọ́.

Tí ara ò bá yá lóru ńkọ́?

Ẹ wa ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lóru kí ẹ tó nílò rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá dókítà máa ń wà níbẹ̀ ní irú àkókò yẹn. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń dé ilé yín sí ara ògiri, ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè kà lórí fóònù. Gbogbo ará ilé yẹ kó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ rí i pé kò tíì ju ọdún 10 lọ tí ẹ gbà á; àdá, ìṣó àti iyẹ̀pẹ̀ lẹ máa bá ṣe.

Ejò: ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìbunijẹ ejò kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí wọn ò kà sí tó, àwọn àgbẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Tí ó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé ojú ibi tó bù jẹ, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kó tó wú, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò. Ẹ ti mọ ilé ìwòsàn náà tẹ́lẹ̀, àbí? Èyí náà wà lára ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó kó.

Tí kò bá bá mi lára mu ńkọ́?

Ẹ padà sílùú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má pinnu rẹ̀ láàárín oṣù tó burú jù lọ́dún, tàbí ní ọ̀sẹ̀ tí kànga gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ tún ṣe, kí ẹ wá bi ara yín. Ìdí kan tún nìyẹn tí mo fi ní ẹ má tètè rà.

Ìgbà wo ló dára jù láti kó?

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára, kí ẹ lè ní oṣù púpọ̀ níwájú kí òjò tàbí òtútù tó dé. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà igi ìdáná tí ẹ bá ń lò ó, torí igi tútù ń fẹ́ tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí ó tó gbẹ dáadáa. Ọ̀dà ara ògiri lè dúró.